Ọmọ-iṣẹ́ ni Ẹ̀rọ, Ènìyàn ni Ọ̀gá

Oúnjẹ, aṣọ àti ilé ni ohun mẹ́ta tí ọmọ ènìyàn kò lè ṣe aláìní. Ẹni tí ebi pa lónìí lè yó lọ́la. Ẹni tí aṣọ rẹ̀ fà ya lè rán an. Ṣùgbọ́n ẹni tí ilé wó lù kì í sábà rí ààyè tún un kọ́. Nítorí náà ni àwọn àgbà fi máa ń ro ọ̀rọ̀ ilé jinlẹ̀ kí wọ́n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ń fẹ́ ẹ̀rí, kí ó rántí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, ọ̀gá agbẹ́gilére tí ó kú ní nǹkan bí ọdún 1938. Ní nǹkan bí ọdún 1910 sí 1914 ni ó gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́. Ní ọdún 1924 a gbé ilẹ̀kùn kan nínú wọn lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ó sì wà ní British Museum títí di òní. Ọ̀kan nínú àwọn òpó náà wà ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà. Agbẹ́gilére tí yóò gbẹ́ òpó fún ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọba gbọ́dọ̀ ti mọ bí òrùlé yóò ti ga tó, àti ibi tí òpó kọ̀ọ̀kan yóò dúró sí. Gbogbo ilé náà ní láti wà lódindi nínú ọpọlọ rẹ̀ kí àáké tó kan igi.

Ohun tí Ọlọ́wẹ̀ fi ọpọlọ rù nígbà náà ni àwọn oníṣẹ́ ilé ayé òde òní ń fi kọ̀ǹpútà rù. BIM ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe àwòrán lásán bí pílánù orí bébà. Odindi ilé ni, láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé, tí a kọ́ sínú kọ̀ǹpútà kí a tó kọ́ ọ sórí ilẹ̀. Nínú rẹ̀, ògiri kì í ṣe ìlà méjì tí a fi rúlà fà. Ògiri ni, ó ní ìnípọn, ó ní irú búlọ́ọ̀kù tí a ó fi mọ ọ́n, ó sì ní iye owó tí yóò jẹ. Bí a bá sún fèrèsé kan kúrò ní ipò rẹ̀, gbogbo ìwé tí fèrèsé náà wà nínú rẹ̀ yóò yí padà lẹ́ẹ̀kan náà.

Àǹfààní èyí kò kéré. Nígbà tí a bá ń lo bébà nìkan, ayàwòrán ilé a ya tirẹ̀, ẹnjiníà a ya tirẹ̀, púlọ́ńbà àti oníná mànàmáná a sì mú tiwọn wá. Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá dé ojú rẹ̀ tán ni a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé páìpù omi fẹ́ gba àárín òpó kọjá. Kí ni bíríkìlà yóò ṣe? Yóò mú òòlù, yóò dá òpó lu, yóò sì fi sìmẹ́ǹtì bo ojú egbò náà. Ṣùgbọ́n nínú àwòṣe BIM, iṣẹ́ gbogbo wọn pàdé lójú kan. Ẹ̀rọ a sì fi ibi tí wọ́n ti forí gbárí hàn kí a tó to búlọ́ọ̀kù kan lé èkejì.

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe ti àná. Ní nǹkan bí ọdún 1975 ni Charles Eastman, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Amẹ́ríkà, ti ṣàpèjúwe irú rẹ̀. Láti ọdún 2016 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti pàṣẹ pé kí a máa lò ó fún àwọn iṣẹ́ ilé tí ìjọba àpapọ̀ wọn bá gbé jáde. Ohun tí ó jẹ́ tuntun ni ọgbọ́n àtọwọ́dá tí a so mọ́ ọn. Ẹ̀rọ yìí a máa kọ́ ẹ̀kọ́ láti inú ọ̀pọ̀lọpọ̀ àpẹẹrẹ tí a fi síwájú rẹ̀. Bí a bá sọ fún un bí ilẹ̀ ti fẹ̀ tó, iye yàrá tí a ń fẹ́ àti ìhà tí oòrùn ti ń yọ, ó lè gbé ọgọ́rùn-ún ètò ilé kalẹ̀ kí ẹnjiníà tó mu omi tán. Ó lè ṣírò ọ̀pá irin àti sìmẹ́ǹtì, ó sì lè tọ́ka sí ibi tí àwòrán kò bá ti bá òfin mu.

Lórí ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀nà méjì ni àwọn ènìyàn pín sí. Àwọn kan ní ẹ̀rọ yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ ènìyàn, nítorí náà kí a ta á nù. Àwọn mìíràn ní níwọ̀n bí ẹ̀rọ ti gbọ́n tó bẹ́ẹ̀, kí a gbé gbogbo iṣẹ́ lé e lọ́wọ́ kí ènìyàn sì sinmi. Ìhà méjèèjì ni ó ṣi ọ̀nà.

Ẹni tí ó ní kí a ta á nù gbàgbé pé a kò ta ẹ̀rọ ìránṣọ nù nítorí abẹ́rẹ́. Ilé tí ń wó ní ilẹ̀ yìí ti pọ̀ ju pé kí a máa kọ ohun èlò tí ó lè rí àṣìṣe ṣáájú lọ. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 kan tí a ń kọ́ lọ́wọ́ ní Ìkòyí ní Èkó wó lulẹ̀, ó sì pa ènìyàn tí ó ju 40 lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ pọ̀ nínú wọn, àwọn tí ó jí lọ síbi iṣẹ́ òòjọ́ wọn ní òwúrọ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó ní kí a gbé gbogbo iṣẹ́ lé ẹ̀rọ lọ́wọ́ náà gbọ́ ti Ìta Fàájì. Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹta ọdún 2019, ilé kan wó ní Ìta Fàájì ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kékeré wà lókè rẹ̀. Nǹkan bí 20 ènìyàn ni ó kú. Wọ́n sì ti sàmì sí ara ilé náà tẹ́lẹ̀ pé wíwó ni kí a wó o. Ẹ̀rọ wo ni ì bá gba àwọn ọmọ náà là? Ìmọ̀ pé ilé náà kò dára kò ṣọ̀wọ́n. Ìgbọràn ni ó ṣọ̀wọ́n. Kọ̀ǹpútà lè ké pe ènìyàn pé òpó yìí kò lè gbé ẹrù rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè di olówó lọ́wọ́ mú, kò sì lè fa ojú ro sí ẹni tí ó bá dín ọ̀pá irin kù ní òru.

Ẹ̀wẹ̀, àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Aṣọ ẹ̀rọ pọ̀: ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán ni ó ti rí. Àkísà ni kò ní. Kò tẹ ilẹ̀ Òde-Èkìtì rí. Kò mọ̀ pé ní Ìkẹ́rẹ́, níbi tí Olósùnta àti Òròlé ti gbórí sókè, ènìyàn lè gbẹ́ ilẹ̀ ní ìhín kí ó kan àpáta, kí ó sì rìn ìwọ̀nba ẹsẹ̀ bàtà kí ó bá erùpẹ̀ rírọ̀. Bí a kò bá gbẹ́ ihò, kí a yẹ ilẹ̀ wò, kí a sì sọ òtítọ́ ohun tí a rí fún un, èrò tirẹ̀ ni yóò fi dí àlàfo náà. Bí àwòrán tí a fi kọ́ ọ bá sì jẹ́ ti ilẹ̀ òyìnbó, ilé tí yóò dá lábàá lè máà bá oòrùn àti òjò ilẹ̀ yìí mu. Irọ́ tí a bá wí fún ẹ̀rọ kì í dẹ́kun jíjẹ́ irọ́ nítorí pé ó jáde ní àwòrán dídán.

Ohun kan tún wà tí ó ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ. Ẹnjiníà tí ó bá fi ọwọ́ sí ìwé ti fi orúkọ rẹ̀ dúró. COREN mọ̀ ọ́n, òfin sì mọ ilé rẹ̀. Bí ilé bá wó, ta ni a ó pe ẹ̀rọ sí? Ẹ̀rọ kò ní orúkọ baba tí yóò bàjẹ́. Nítorí náà ènìyàn ni kí ó máa sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn.

Ipò tí ó tọ́ sí ẹ̀rọ yìí ni ipò ọmọ-iṣẹ́: ọmọ-iṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ yá, tí kì í rẹ̀, tí ó mọ ìṣirò, ṣùgbọ́n tí ọ̀gá gbọ́dọ̀ yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò ní gbogbo ìgbà. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ kò sì lè yẹ iṣẹ́ ọmọ-iṣẹ́ wò. Ìdí nìyí tí ìṣirò, ẹ̀kọ́ físíìsì àti yíya àwòrán kò fi di aláìwúlò fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Wọ́n wúlò ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Kí àwọn ọmọ Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Ẹ̀múrè kọ́ kọ̀ǹpútà, kí wọ́n sì tún dúró ti bíríkìlà àgbà kí wọ́n mọ bí yanrìn tí ó dára ti ń rí ní àtẹ́lẹwọ́. Kí wọ́n wọn àwọn ààfin àti ilé àtijọ́ tí ó ṣẹ́kù, kí wọ́n sì kọ́ àwòṣe wọn pamọ́ kí òjò tó gbé wọn lọ, kí ẹ̀rọ náà lè rí ti ilẹ̀ wọn kọ́.

Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n lè sọ fún wa pé itọ́ ni. Àwa ni yóò pinnu bóyá a ó wá omi.