Àṣẹ Àbújá, Ẹ̀rí Ìkẹjà

Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, ìbò ni ará ìlú fi ń yan sheriff, olórí agbófinró àgbègbè wọn. Àṣẹ láti òkè ló ń gbé tiwa wá, òun náà ló ń gbé e lọ. Láti 2015 ni Tunji Disu ti ń darí ikọ̀ ọlọ́pàá RRS ní Ìkẹjà. Ní 2021, wọ́n gbé e kúrò. Ní oṣù Ògọ́sì, ó di olórí ikọ̀ IRT. Òṣìṣẹ́ tó ń jáde lóru ní iléeṣẹ́ Ọba Akran tàbí Agége, ta ló bi í léèrè? N kò ní ká dìbò yan ọlọ́pàá. Òṣèlú á bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gbé ọ̀gá ọlọ́pàá ga tàbí kúrò, ó yẹ kí wọ́n gba ẹ̀rí àwọn tó ń ṣọ́. Àwọn ló mọ òru tí wọ́n sùn àti èyí tí wọ́n ṣàìsùn.