Orin Ṣówándé Gbayì ní Kánádà, Àwa Ńkọ́?

Ẹ̀yin ọmọ Oòduà tí a jọ wà ní Òkè Ọya, ọ̀rọ̀ kan ń dùn wá.

Òyìnbó kan wà ní Kánádà, Clyde Gilmour ni orúkọ rẹ̀. Láti 1956 títí di 1997 ni ó fi ń ṣe ètò lórí rédíò CBC. Àwọn àwo orin tirẹ̀ ni ó ń lò: orin kíláásíkà, jáàsì, àwàdà pàápàá. Ó lé ní ogójì ọdún! Orin wo ni ó sì fi ń ṣí ètò náà? "Akinla" ni, apá tó kẹ́yìn nínú African Suite tí Fẹlá Ṣówándé kọ ní 1944. Ará Kánádà tí kò mọ ọ̀nà Èkó, tó bá sáà ti ń gbọ́ ètò yẹn, ó mọ orin ọmọ Yorùbá. Mélòó nínú wa ló mọ̀ ọ́n?

Ẹnìkan sọ fún wa pé orin òyìnbó nìyẹn. A kò gbà! Fáyólìn àti háàpù ni wọ́n fi ń ta á lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohùn háílàìfù ló wà nínú rẹ̀. Bí èèyàn bá fi fọ́ọ̀kì jẹ iyán, ṣé iyán ti di oúnjẹ òyìnbó nìyẹn?

Ṣówándé fúnra rẹ̀ ṣiṣẹ́ rédíò. Ní 1953 ni ó fi Lọ́ńdọ̀nù sílẹ̀ wá di olórí ẹ̀ka orin ní ilé-iṣẹ́ rédíò ìjọba Nàìjíríà. Nígbà tó yá, ó gba Amẹ́ríkà lọ, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní 1987.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò Yorùbá lórí rédíò níhìn-ín, a mọ̀ pé àkókò yín kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ìpolówó àgbo àti kíkí olówó ni ẹ fi ń jẹ ẹ́ tán. Ẹgbẹ́ wa náà jẹ̀bi. Lọ́dọọdún, ariwo tí ń mi ògiri ni a ń sanwó fún, tí bàbá àti ọmọ tó jókòó ti tábìlì kan náà kò fi ní gbọ́ ara wọn. Àwọn ọmọ tí a bí síhìn-ín, tí Hausa yọ̀ mọ́ lẹ́nu ju Yorùbá lọ, kí ni wọ́n mọ̀ sí Yorùbá ju aṣọ ẹbí àti owó níná lọ?

Ètò ọdún tó ń bọ̀ kò tíì jáde. Ẹ fi "Akinla" ṣí i. Kò gùn rárá. Kí wọ́n tó pín ìrẹsì dé tábìlì kẹta, ó ti parí.