Ẹ Pín Kóòdù Yín Kó Tó Pọ̀ Jù

Ẹni tó bá ti dé Al Ras ní Dubai mọ̀ pé ọjà èròjà ọbẹ̀ wà láyè tiẹ̀, ọjà wúrà náà wà láyè tiẹ̀ nítòsí. Bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí kóòdù Scheme rí. Láti 2013 ni ìlànà R7RS ti fún wa ní define-library: orúkọ tí fáìlì mìíràn máa lò nìkan lẹ máa kọ sí export, ìyókù á wà ní kọ̀rọ̀. CHICKEN, kọ́ńpáìlà tó ń sọ Scheme di C, lè kọ́ńpáìlì fáìlì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Àwọn kan ní, "Iṣẹ́ mi ò tíì pọ̀, fáìlì kan tó." Mi ò gbà o. Ẹni tó máa gbaṣẹ́ lọ́wọ́ yín ló máa jìyà ẹ̀. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.