Ẹ̀dà Kan, Ogójì Kọ̀ǹpútà: Níbo ni Èdè Yorùbá Wà?

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní láti kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Òwe yìí ni ó sọ sí mi lọ́kàn ní ọjọ́ tí mo lọ wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní ilé-ìwé girama kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ilé-ìwé náà ti gba kọ̀ǹpútà tuntun, ogójì ni iye wọn, wọ́n sì tò wọ́n sí yàrá kan tí ó mọ́ tónítóní. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa fẹ́ fi ẹ̀rọ náà kọ́ àwọn ọmọ ní ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín owó, òwò, ọwọ́, ọ̀wọ̀ àti ọwọ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ títí, “owo” nìkan ni ó ń jáde. Ó bọ́ sí ìdí ìkejì, ó bọ́ sí ìdí ìkẹta. Bákan náà ni ọmọ ṣe orí. Nígbà tí a bi oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà léèrè, ó fi ọ̀wọ̀ fèsì pé, “Ẹ má bínú, ọ̀gá mi. Ẹyọ kan ṣoṣo ni mo fọwọ́ tò. Àwọn yòókù gba tiwọn láti orí wáyà ní òru ọjọ́ kan. Ohun tí kò bá sí nínú ẹyọ kan yẹn, kò lè sí nínú ogójì.”

Gbólóhùn yìí ni ó bí àròkọ yìí. Èrò mi ni pé ibi tí a ti ń ṣe ẹ̀dà àkọ́kọ́ yẹn ni a ti ń pinnu bóyá èdè Yorùbá yóò wọ yàrá kọ̀ǹpútà tàbí kò ní wọ̀ ọ́, àti pé àwa olùkọ́ èdè kò sí níbẹ̀.

Bí Iṣẹ́ Náà Ṣe Ń Lọ

Ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá tí kò ní ètò ìpìlẹ̀ tí yóò máa darí rẹ̀, irú bíi Windows tàbí Linux, kò yàtọ̀ sí ilé tí kò ní onílé. Nígbà kan rí, síídì ni oníṣẹ́ ń gbé kiri láti ìdí ẹ̀rọ kan dé ìdí èkejì, tí yóò sì máa dáhùn ìbéèrè kan náà ní ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan: èdè wo? pátákó ìtẹ̀wé wo? aago ìlú wo? Bí ẹ̀rọ kan bá gba wákàtí kan, tí ó sì ń ṣe é ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ogójì yóò gba wákàtí 40, èyí tí í ṣe ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún gbáko.

Ìlànà PXE, tí ilé-iṣẹ́ Intel gbé ẹ̀dà 2.1 rẹ̀ jáde ní ọdún 1999, wà lára ohun tí ó mú ìrọ̀rùn bá iṣẹ́ yìí. Kọ̀ǹpútà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn, tí kò ní ohunkóhun nínú, yóò ké sórí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì pé òun ń wá àdírẹ́ẹ̀sì. Kọ̀ǹpútà àgbà tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní sáfà yóò fún un ní àdírẹ́ẹ̀sì, yóò sì júwe ibi tí yóò ti rí ètò kékeré tí yóò fi jí. Lẹ́yìn náà ni yóò wá gba ètò ìpìlẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní fọwọ́ kan bọ́tìnnì, nítorí pé a ti kọ ìdáhùn gbogbo ìbéèrè wọ̀nyẹn sínú fáìlì kan sílẹ̀. Ní ọdún 1999 yìí kan náà ni Thomas Lange bẹ̀rẹ̀ irú ètò bẹ́ẹ̀ fún Linux ní Yunifásítì Cologne ní Jámánì, tí ó pè é ní FAI. Microsoft náà fi irú rẹ̀ sínú Windows 2000 tí a ṣe fún sáfà.

Ẹni tí ó bá ti wo Ẹ̀yọ̀ rí ní Ìsàlẹ̀ Èkó yóò tètè lóye ọ̀rọ̀ yìí. Aṣọ funfun ni gbogbo wọn ń wọ̀. Àkẹtẹ̀ ni a fi ń dá Adímú mọ̀ yàtọ̀ sí Lábà, Oníko, Ológèdè àti Agéré. Bẹ́ẹ̀ náà ni ogójì kọ̀ǹpútà ṣe ń wọ aṣọ kan náà, tí ó jẹ́ pé orúkọ àti àdírẹ́ẹ̀sì ni ó ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí aṣọ náà bá ti ní àbùkù láti ọwọ́ aránṣọ, gbogbo wọn ni yóò wọ àbùkù jáde.

Orúkọ Wọlé, Èdè Dúró Síta

Nínú àkójọ aago àgbáyé tí Linux àti ọ̀pọ̀ ètò mìíràn ń lò, “Africa/Lagos” ni orúkọ aago Nàìjíríà, òun náà ni a sì so aago Porto-Novo, Niamey, Douala àti Luanda mọ́. Èyí já sí pé orúkọ Èkó wà nínú àìmọye kọ̀ǹpútà kárí ayé. Síbẹ̀, nínú yàrá kan tí kò jìnnà sí Ìgà Ìdúngànrán, àwọn ọmọ Èkó kò lè fi kọ̀ǹpútà kọ èdè Èkó bí ó ti yẹ.

Kì í ṣe pé ohun èlò kò sí. Àtẹ ìtẹ̀wé Yorùbá wà nínú Windows 7 tí ó jáde ní ọdún 2009 àti nínú àwọn tí ó tẹ̀ lé e. Ó wà nínú Linux pẹ̀lú, lábẹ́ àtẹ Nàìjíríà. Ilé-iṣẹ́ Alt-i, tí Ọ̀mọ̀wé Túndé Adégbọlá dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn, ti ṣe iṣẹ́ ribiribi lórí ọ̀rọ̀ èdè wa àti kọ̀ǹpútà. Àmì tí àgbáyé fi ń dá Yorùbá ti Nàìjíríà mọ̀ nínú ẹ̀rọ ni “yo-NG”. Nínú fáìlì ìdáhùn tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ìlà kan tàbí méjì ni ó gbà.

Ọ̀rọ̀ fọ́ǹtì náà ṣe pàtàkì. Nínú ìlànà Unicode, ẹ, ọ àti ṣ ní ààyè tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní ààyè ẹyọ kan; ńṣe ni a ń gbé àmì ohùn lé wọn lórí. Fọ́ǹtì tí kò bá mọ ọgbọ́n yìí yóò ju àmì sí ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí kí ó fi àpótí òfìfo rọ́pò lẹ́tà.

Ẹ̀kọ́ Láti Inú Ìtàn

Èkó ti ṣe irú ìpinnu yìí rí. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1875, ìjọ CMS pe ìpàdé ní Èkó lórí àkọtọ́ èdè Yorùbá. Ohun tí wọ́n fẹnu kò sí nínú ìpàdé kan yẹn ni ó di ìpìlẹ̀ fún ìwé títẹ̀ ní èdè wa títí di ìgbà tí ìgbìmọ̀ ọdún 1966 àti àkọtọ́ tí a fọwọ́ sí ní ọdún 1974 fi ṣàtúnṣe rẹ̀. Ìwé ìròyìn bíi Èkó Àkéte àti Akéde Èkó, tí wọ́n gbòde ní Èkó ní àwọn ọdún 1920, kò ní láti bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí lẹ́tà lákọ̀tun. Àwọn tí ọ̀rọ̀ èdè náà jẹ lógún ni ó jókòó pinnu rẹ̀ ní ọdún 1875. Ta ni ó ń jókòó pinnu ti òní?

Àwíjàre

Àwọn kan lè sọ pé olùkọ́ tí ó bá fẹ́ Yorùbá lè fi kún un nígbà tí ó bá débẹ̀. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀ ní yàrá kọ̀ǹpútà ilé-ìwé. Wọ́n máa ń fi ọ̀rọ̀ aṣínà ti àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí pa, àwọn mìíràn sì ń padà sí bí wọ́n ti wà tẹ́lẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí a bá tún wọn tàn. N kò bá wọn jà lórí èyí, nítorí pé ó ń gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ kòkòrò àti ọwọ́ yẹpẹrẹ. Ṣùgbọ́n ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé ohun tí a kò bá fi síbẹ̀ ní ìpìlẹ̀, a kò lè fi síbẹ̀ mọ́. Àwọn mìíràn lè ní iná mànàmáná ni ìṣòro wa. Òótọ́ ni, bí iná bá lọ nígbà tí ẹ̀rọ ń gba ètò, ààbọ̀ iṣẹ́ ni a óò bá. Èyí gan-an ni ó fi yẹ kí a ṣe é pé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọ̀rọ̀ yìí sì kọjá yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Láti ọdún 2015 ni orí kọ̀ǹpútà nìkan ni àjọ JAMB ti ń ṣe ìdánwò UTME, Yorùbá sì wà lára iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ lè yàn. Ẹ jẹ́ kí a fojú inú wo ibùdó ìdánwò tí ó ní kọ̀ǹpútà 250, tí ẹ̀dà tí a fi tò wọ́n kò ní fọ́ǹtì tí ó péye. Ìbéèrè lórí àmì ohùn tí àmì ohùn kò hàn nínú rẹ̀ kì í ṣe ìbéèrè mọ́; àlọ́ ni.

Ìmọ̀ràn

Lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ̀ka Yorùbá ní gbogbo ilé-ìwé yan ẹnì kan tí yóò wà níbẹ̀ nígbà tí a bá ń tò ẹ̀dà àkọ́kọ́, pẹ̀lú ìwé pélébé kan tí a kọ ohun tí a ń fẹ́ sí: àtẹ ìtẹ̀wé, fọ́ǹtì, àti yo-NG. Lẹ́ẹ̀kejì, kí a dán ẹyọ kan náà wò kí ó tó di ogójì: kí a tẹ owó, òwò, ọwọ́, ọ̀wọ̀ àti ọwọ̀, kí a tọ́jú wọn, kí a tún wọn ṣí, kí a sì tẹ̀ wọ́n jáde sórí ìwé. Lẹ́ẹ̀kẹta, kí a kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ NCE ní bí a ṣe ń tẹ àmì ohùn. Kí a má tan ara wa, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ṣì ń fi bírò fa àmì sórí ìwé lẹ́yìn tí a bá ti tẹ̀ ẹ́ tán. Àtẹ tí a kò mọ̀ ọ́n lò, bí ẹni pé kò sí ni.

Àgbálọgbábọ̀

A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ṣùgbọ́n bí olórí bá kọ̀ tí kò yọjú, kí ni onífárí yóò ṣe? Oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ṣẹ̀ wá. Kò sí ẹni tí ó lọ bá a. Nígbà tí ọlidé dé, ó fi àtẹ Yorùbá àti fọ́ǹtì sínú ẹ̀dà àkọ́kọ́, ó sì jẹ́ kí ogójì ẹ̀rọ náà gbà á ní òru. Ní ìgbà tí a padà débẹ̀, ọmọ kékeré kan ní ìdí kọ̀ǹpútà tẹ ọ̀wọ̀, ó tẹ ọwọ̀, ó sì rẹ́rìn-ín sí ìyàtọ̀ wọn. Bí ó ṣe yẹ kí ó rí láti ọjọ́ kìn-ín-ní nìyẹn, bí a bá ti wà níbẹ̀.