Lẹ́tà sí Mọ́lété Lórí Obìnrin Ọdún

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi ní Mọ́lété n'Ìbàdàn,

 

Mo rí orúkọ tí ẹ kó sórí WhatsApp àdúgbò, pé kí àwa tó wà lókè òkun bá yín yan obìnrin méjì tó wúni lórí jù lọ lọ́dún yìí, ọ̀kan nínú orin, ọ̀kan nínú jíjà fún ẹ̀tọ́. Owó tí ẹ ní ká dá ń bọ̀. Mo mọ̀ pé ìyẹn lẹ fẹ́ kọ́kọ́ gbọ́. Àwọn orúkọ yẹn gan-an ni mo ní ọ̀rọ̀ sọ sí.

Níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan lẹ kọ iye èèyàn tó ń tẹ̀ lé e lórí Instagram sí. Ta ló kọ́ wa nírú ìṣirò yìí? Tó bá jẹ́ èrò la fi ń mọ ẹni iyì, àwọn tó ń bára wọn jà lábẹ́ bíríìjì Mọ́lété ni ì bá máa gba àmì ẹ̀yẹ lọ́dọọdún, torí kò sẹ́ni tó lè pèrò tó wọn. Ìbéèrè tèmi yàtọ̀: nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí fún obìnrin yìí, ta ló rí ọ̀nà wọlé tọ̀ ọ́ lẹ́yìn?

Ẹ má wulẹ̀ rìn jìnnà. Ní 1944, nígbà tí ọ̀pọ̀ bàbá ṣì ń ka owó ilé ìwé ọmọbìnrin sí ìnákúnàá, ní Mọ́lété níbẹ̀ ni Ìyá Wúràọlá Ẹsan ti dá Ibadan People's Girls' Grammar School sílẹ̀. Tíṣà ni wọ́n. Wọ́n ti kọ́ àwọn ọmọbìnrin l'Ákùúrẹ́ kí wọ́n tó wọlé ọkọ. Nígbà tó di 1960, wọ́n di sẹ́nétọ̀, obìnrin àkọ́kọ́ tó jókòó nílé aṣòfin àpapọ̀ Nàìjíríà. Lásìkò yẹn, àwọn obìnrin apá Àríwá ò tíì lẹ́tọ̀ọ́ àtidìbò rárá. Ó di 1976 kí wọ́n tó fún wọn. Ìyá Ẹsan jẹ Ìyálóde Ìbàdàn ní 1975, wọ́n sì papò dà ní 1985. Oyè dára, àmọ́ ilé ìwé yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí. Ọmọ tó jókòó ní kíláàsì níbẹ̀ lè má mọ ojú Ìyálóde, síbẹ̀ iṣẹ́ wọn ló ń jẹ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Alhaja Humuani Alaga, aláṣọ lọ́jà Gbági. Wọ́n rí i pé àárín ẹ̀sìn àti ìwé lọmọbìnrin Mùsùlùmí há sí, torí ọwọ́ ìjọ Kírísítẹ́nì ni ọ̀pọ̀ ilé ìwé wà. Àwọn àtàwọn obìnrin bíi tiwọn dá ẹgbẹ́ Isabatudeen sílẹ̀ ní 1958. Ní 1964, ilé ìwé girama ọmọbìnrin ti ẹgbẹ́ náà dé.

Ẹ ó ní àwọn yẹn ò kọrin. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká dé ọ̀dọ̀ àwọn olórin. Ọmọ òyìnbó kan níbi iṣẹ́ mi, tí ò tíì tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún, gbọ́ pé Ìbàdàn ni mo ti wá, ló bá bi mí bóyá mo mọ àwọn Lijadu Sisters. Taiwo àti Kehinde Lijadu, ìbejì tó dàgbà n'Ìbàdàn! Wọ́n ṣe Danger ní 1976, wọ́n ṣe Horizon Unlimited ní 1979, wọ́n sì ń bá àwọn alágbára wí nínú orin lásìkò tí sọ́jà wà lórí oyè. Wọ́n ráhùn léraléra pé èrè iṣẹ́ àwọn ò tó àwọn lọ́wọ́. Kehinde kú ní 2019. Ọmọ òyìnbó yẹn ní àwo wọn nílé. Lórí ìwé tiyín, ẹ ò dárúkọ wọn.

Ẹ ò dárúkọ Sàláwà Àbẹ̀ní náà, Ọba obìnrin oníwákà. Ní 2020, ẹnì kan fẹ́ fi àwòrán ìhòòhò wọn gbowó lọ́wọ́ wọn. Dípò kí wọ́n sanwó kí wọ́n sì fara pamọ́, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà síta fúnra wọn. Ẹ̀yin ẹ wo iye ọmọdébìnrin tí irú ìhàlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń pa lẹ́nu mọ́. Lójú tèmi, ìjà ẹ̀tọ́ gidi nìyẹn. Ọdún yẹn kan náà ni DJ Switch tan fóònù rẹ̀ níbi ìwọ́de EndSARS ní Lekki lálẹ́ ogúnjọ́ oṣù kẹwàá, tí gbogbo ayé ń wò ó bí ìbọn ṣe ń dún. Ìyẹn ló lé e kúrò nílùú.

Nínú àwọn tí ẹ kọ sílẹ̀, Tems ni mo dìbò fún nínú orin. Ṣùgbọ́n ẹ pa ohun tí ẹ tún kọ síwájú orúkọ rẹ̀ rẹ́, pé 2025 ló kọ́kọ́ gba Grammy. Grammy tó gbà ní 2025 kì í ṣe àkọ́kọ́, ọwọ́ rẹ̀ ti kan ọ̀kan rí ní 2023. Ohun tó wú mi lórí ni pé òun fúnra rẹ̀ ló ṣe pírodúsà Mr Rebel ní 2018, iṣẹ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ fọ́kùnrin, nígbà tó sì rówó tán, ó dá Leading Vibe Initiative sílẹ̀ ní 2025 kí àwọn ọ̀dọ́bìnrin mìíràn lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ orin àti bí wọ́n ṣe ń pò ó pọ̀.

Ní ti ìjà ẹ̀tọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ orúkọ ìyàwó ọ́nárébù tí ẹ kọ síbẹ̀. Ẹ dé ọjà, ẹ bi àwọn ìyá pé ta ló ń gbẹnu sọ fún wọn táwọn agbowó bá dé. Ẹ béèrè ẹni tó san owó WAEC fún ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Orúkọ obìnrin tí ẹ bá gbọ́ lẹ́nu ẹni mẹ́ta tí wọn ò bá ara wọn tan, òun ni ìbò tèmi wà fún, bí kò tilẹ̀ ní fóònù.

Kí akọ̀wé má fi lẹ́tà yìí sápò o. Ẹ kà á sétí ìpàdé kí ẹ tó dìbò.

Èmi ni ọmọ yín ní Peckham, London.