Ẹni Tó Ti Mọ̀ Díẹ̀ Ni Ẹ̀kọ́ Ń Nira Fún

Nígbà tí ọyẹ́ bá ti ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ lórí àwọn òkè Èkìtì Àríwá, tí ètè tó ti ń bó láti oṣù Kejìlá bẹ̀rẹ̀ sí í san, tí òjò àkọ́rọ̀ sì já lu ilẹ̀ gbígbẹ ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹta, tí òórùn ilẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mumi gba ìgboro kan láti Ìkọ̀lé dé Ọ̀yẹ́, títí dé Ìdó, kò sí àgbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ní láti jí, nítorí olúkúlùkù ló mọ̀ pé oko ń retí òun. Àwa kan náà tí a kì í jẹ́ kí òjò àkọ́rọ̀ bá wa lórí ẹní yìí, àwa náà ni à ń jẹ́ kí ọdún gorí ọdún láìfọwọ́ kan oko tí ń bẹ nínú ara wa. Bàbá kan ti ń wí láti ọjọ́ pípẹ́ pé òun yóò kọ́ ìwé kíkà, kí òun lè ka lẹ́tà ọmọ òun láìbẹ ọmọ aládùúgbò. Ìyá aránṣọ kan ń rí i bí àwọn oníbàárà rẹ̀ ti ń ṣí lọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan sọ́dọ̀ ọmọ kékeré tó mọ àrà tuntun. Ọ̀dọ́ kan gba oyè ní yunifásítì, iṣẹ́ ọwọ́ ló sì wù ú, ṣùgbọ́n ó ń bẹ̀rù kí ẹgbẹ́ rẹ̀ má baà rí i lábẹ́ ọ̀gá.

Bí a bá bi wọ́n, wọn yóò sọ pé owó ni kò sí, tàbí pé àyè ni kò sí. N kò ní jiyàn, nítorí ìṣẹ́ kì í ṣe ohun àfẹnusọ ní ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n àwọn bàbá wa wí pé bí ikú ilé kò pani, tòde kò lè pani. Èrò tèmi ni pé kì í ṣe aláìmọ̀kan ni ẹ̀kọ́ ń dẹ́rù bà jù. Ẹni tó ti mọ̀ díẹ̀ ni, tí ìwọ̀nba tó mọ̀ náà sì ti sọ ọ́ di ẹni tí à ń kí láàárín àdúgbò, tó fi jẹ́ pé lójú rẹ̀, bí ẹni bọ́ aṣọ sílẹ̀ ní ọjà ni kí òun tún padà di ọmọ iṣẹ́.

Ọ̀yẹ́-Èkìtì níhìn-ín ni mo ti rí ẹ̀rí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1947, àwọn àlùfáà ìjọ Àgùdà, Kevin Carroll pẹ̀lú wọn, dá ibi iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ ní ìlú náà, níbi tí àwọn agbẹ́gilére, àwọn ahunṣọ, àwọn oníṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ àti awọ ti ń ṣe ohun èlò ìjọsìn ní ìlànà ọnà ilẹ̀ Yorùbá. Bándélé ni ọ̀gá nídìí igi gbígbẹ́, ọmọ Àreògún ará Òsì, agbẹ́gilére ńlá tí òkìkí rẹ̀ kàn ká gbogbo agbègbè náà. Ní 1949 ni Lamidi Fákẹ́yẹ dé ọ̀dọ̀ Bándélé láti Ìlá-Ọ̀ràngún. Ẹni tó dé yìí kì í ṣe ọmọdé, ó ti lé ní ọmọ ogún ọdún. Kì í sì í ṣe òpè, nítorí inú ìdílé agbẹ́gilére ni wọ́n bí i sí, iṣẹ́ baba àti baba ńlá rẹ̀ ni, òun fúnra rẹ̀ sì ti ń gbẹ́ igi kó tó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Ọ̀yẹ́. Síbẹ̀ ó jókòó sábẹ́ Bándélé fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta, ó ń kọ́ iṣẹ́ tí ayé ti rò pé ó mọ̀.

Ẹni tí kò bá mọ bí iṣẹ́ náà ti rí kò ní mọ ohun tí èyí gbà. Ìpele mẹ́rin tó ní orúkọ ni ère ń là kọjá lọ́wọ́ àwọn agbẹ́gilére wa. Ọ̀nà lílé ni àkọ́kọ́: àáké ni wọ́n fi ń la ìtí igi tútù sí orí, àyà àti ẹsẹ̀, láìsí ojú, láìsí etí, tí ẹni tí ń kọjá lọ yóò fi rò pé ẹnìkan kàn ń ba igi jẹ́ ni. Alétúnlé ló tẹ̀ lé e, nígbà tí ojú, etí àti ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ díẹ̀díẹ̀. Dídán ló kàn, tí wọ́n ń fi irin àti ọ̀bẹ mú gbogbo ara rẹ̀ jọ̀lọ̀. Fínfín ló sì kẹ́yìn, tí ṣónṣó ọ̀bẹ ń fa irun orí, ilà ojú àti ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn. Fínfín yìí ni òǹwòran máa ń yìn, òun náà sì ni ẹni tó mọ̀ díẹ̀ máa ń sáré bá. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà kò bá ti tọ́ láti ìgbà tí àáké ti ń lé e, bí orí bá kéré jù fún ara tàbí tí èjìká wọ́, kò sí ọ̀bẹ tó lè fín in títí tí yóò fi gún régé, nítorí igi tó ti já bọ́ sílẹ̀ ti já bọ́ náà nìyẹn. Nítorí èyí, ẹni tó fẹ́ tún ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ padà sí ìdí àáké, níbi tí kò ti sí ìyìn, ibẹ̀ gan-an ni ọkàn sì ti ń ṣagídí jù lọ.

Bándélé náà ti gba ọ̀nà yìí kọjá. Ọ̀ṣamúkò ló kọ́ ọ níṣẹ́, Ọ̀ṣamúkò yìí sì jẹ́ ẹni tó kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ Àreògún, baba Bándélé. Ẹ wò ó bí ọmọ ọ̀gá ti forí balẹ̀ fún ọmọ iṣẹ́ baba rẹ̀! Mélòó nínú àwọn ọmọ wa lónìí, mélòó nínú àwa bàbá pàápàá, ni yóò gba irú èyí láìwí pé wọ́n fi ilé wa wọ́lẹ̀?

Ibi iṣẹ́ Ọ̀yẹ́ kò kọjá 1954, ọdún kan náà tí Àreògún papò dà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó tún ara rẹ̀ kọ́ níbẹ̀ kò dúró: ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn jẹ́ iṣẹ́ Fákẹ́yẹ, tó jẹ́ mùsùlùmí, ère Odùduwà tó wà ní yunifásítì Ilé-Ifẹ̀, tó gbẹ́ ní 1987, iṣẹ́ rẹ̀ ni, ó sì kọ́ni ní òkè òkun kó tó dolóògbé ní 2009.

Àwọn ènìyàn wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Ṣìkágò mọ ìlọ́ra láti padà di ọmọ iṣẹ́ yìí ní ọ̀nà tiwọn, nígbà tí òtútù yìnyín bá ń kásẹ̀ ńlẹ̀ nínú oṣù Kẹta bákan náà, tí ẹni tó jẹ́ olùkọ́ ní ilé bá ní láti jókòó ti ọmọ ogún ọdún nínú kíláàsì kó tó lè rí iṣẹ́ gidi. Àwọn tó gbà ń bẹ, a sì ń rí èrè rẹ̀ nínú ilé tí wọ́n ń kọ́.

Ẹ jẹ́ kí n bá àwa tí a jókòó sílé wí díẹ̀, nítorí àwa là ń fi ẹnu wa dá kún ẹrù ẹni tó fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́. Bí ìyá ogójì ọdún bá wọ ṣọ́ọ̀bù aránṣọ láti kọ́ṣẹ́, àwa là ń bi í léèrè ohun tó ń wá láàárín àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀, àwa là ń sọ pé ọjọ́ wo ni yóò gba fírídọ̀mù, ọjọ́ wo ni yóò sì jẹun níbẹ̀. Àwọn ọ̀gá kan náà ń dá kún un, tí wọ́n ń rán àgbàlagbà níṣẹ́ omi pípọn àti ilé gbígbá bí ẹni rán ọmọ ọdún méjìlá, tí ojú fi ń tì í títí tí yóò fi sá. Nílẹ̀ Èkìtì tí à ń pè ní ilé iyì, ilé ẹ̀yẹ, kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Kí àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ ní Ìkọ̀lé, ní Ọ̀yẹ́ àti ní Ìdó fẹnu kò pé àgbàlagbà tó bá wá kọ́ṣẹ́ kò ní ṣe iṣẹ́ ilé ọ̀gá, kí wọ́n sì ṣètò wákàtí ẹ̀kọ́ tirẹ̀ sí ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn ìgbà tí ó bá ti ti oko dé, kí ebè ọdún yìí má baà di àwáwí fún un.

Nípa ti ẹni tó ń rò ó lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ tèmi kò pọ̀. Kí ó má dúró de ọjọ́ tí ọkàn rẹ̀ yóò rọ̀, nítorí ọkàn kì í rọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kí ó lọ bá ọ̀gá náà ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ó mú ohun tó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́, kí ó gbé e kalẹ̀ níwájú rẹ̀, kí ó sì ní kí ó fi ibi tó ti wọ́ han òun.