Gbèsè Dọ́là àti Èrè Onípìn-ín

Kì í ṣe díẹ̀ nínú àwọn ọmọ Yorùbá tí ń ṣòwò ní Kánò, Kàdúná àti Jọ́ọ̀sì ni ó ní ìpín nínú àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá. Àwọn mìíràn jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá wọn, tí ó rà á nígbà tí òfin ọdún 1972 àti ti 1977 pa á láṣẹ kí àwọn ilé-iṣẹ́ àjèjì ta apá kan òwò wọn fún ọmọ Nàìjíríà. Nígbà tí ìwé ìṣirò owó ti ọdún 2023 jáde, ẹnu ya ọ̀pọ̀ nínú wọn. Nestlé Nigeria, tí Milo àti Maggi rẹ̀ wà nínú ilé gbogbo wa, kéde àdánù nǹkan bíi bílíọ̀nù 79.5 náírà, MTN Nigeria kéde ti bílíọ̀nù 137. Bẹ́ẹ̀ ni ọjà wọn kò kùtà. Kí ni ó wá jẹ èrè náà?

Gbèsè tí a ń fi dọ́là kà ni. Ní òpin ọdún 2022, nǹkan bíi náírà 461 ni dọ́là kan ní ọjà ìjọba. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, Báńkì Àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀ kí ó máa bá ọjà lọ. Kí ọdún náà tó parí, dọ́là kan ti di nǹkan bíi 907. Ẹ jẹ́ kí a fi mílíọ̀nù kan dọ́là ṣe àpẹẹrẹ. Ilé-iṣẹ́ tí ó jẹ ẹ́ kọ mílíọ̀nù 461 náírà sínú ìwé ní òpin ọdún kìíní. Ní òpin ọdún kejì, dandan ni kí ó kọ 907. Kò yá kọ́bọ̀ lé e, síbẹ̀ òfin ìṣirò ní kí a yọ mílíọ̀nù 446 tí ó fi lé kúrò nínú èrè, ìbáà jẹ́ pé olówó kò tíì wá sin owó rẹ̀. Ní ti MTN, irú àdánù yìí nìkan tó bílíọ̀nù 740. Nígbà tí ọdún náà fi parí, gbèsè ilé-iṣẹ́ méjèèjì ti ju ohun-ìní wọn lọ lórí ìwé. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kan onípìn-ín, nítorí inú èrè ni a ti ń pín owó fún un.

Gbèsè náírà kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, Dangote Cement ta bọ́ǹdì bílíọ̀nù 100 náírà fún ọdún 5, pẹ̀lú èlé 12.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Dọ́là ìbáà wọ́n, ìbáà pọ̀, èlé bílíọ̀nù 12.5 lọ́dún ni iye owó náà ń fà. Ẹni tí ó ra bọ́ǹdì ni ó tilẹ̀ fara gbá a, nítorí pé ọ̀wọ́n ọjà ju 28 nínú ọgọ́rùn-ún lọ ní òpin 2023. Ṣùgbọ́n òun ni yóò kọ́kọ́ gba owó, onípìn-ín ni yóò gba èyí tí ó kù. Bí ọjọ́ ìsanpadà bọ́ǹdì bá ku oṣù 12 tàbí kí ó dín, a ó gbé e kúrò láàrin gbèsè ọlọ́jọ́ pípẹ́ lọ sáàrin èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Ẹni tí kò bá mọ èyí lè rò pé gbèsè tuntun ni.

Ohun mìíràn ni owó háyà. Láti ọdún 2019, ìlànà àgbáyé ti sọ háyà ọlọ́jọ́ pípẹ́ di gbèsè nínú ìwé, irú bíi ti àwọn òpó tí MTN ń lò.

Nítorí náà, bí ìwé ọdọọdún bá dé ọwọ́ yín, ẹ fo àwòrán àwọn olùdarí. Ẹ lọ síbi àlàyé tí ó wà lẹ́yìn ìwé náà, níbi tí wọ́n ti to iye gbèsè tí ó jẹ́ ti dọ́là àti ọdún tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò pé, kí ẹ sì fi wé iye dọ́là tí ọjà ilé-iṣẹ́ náà ń mú wọlé láti òkèèrè.